Ìtàn kíláàbù básíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn odi London: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Akọ̀wé_Kíláàbù

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Èmi ni akọ̀wé kíláàbù bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n kan ní ẹ̀yìn odi London, kì í ṣe èyí tí ẹ máa rí lórí tẹlifíṣọ̀n. Àwọn ọkùnrin wa wà ní ìpele ìsàlẹ̀ líìgì orílẹ̀-èdè. Àwọn kan nínú wọn ń gba owó díẹ̀, àwọn tó kù á kúrò níbi iṣẹ́, wọ́n á sáré wọ bàtà bọ́ọ̀lù. Ìgbìmọ̀ ní kí n kọ ìtàn kíláàbù sílẹ̀ fún àjọ̀dún 50 ọdún tó ń bọ̀ lọ́nà.

Ohun tó wà lọ́wọ́ mi kò ju páálí kan lọ: fọ́tò tí kò ní orúkọ tàbí ọdún lẹ́yìn, ife tó ti dípẹtà, àti abala ìwé ìròyìn tí ẹnì kan gé pamọ́. Alága ní kí n ṣáà to àwọn ife tí a gbà tẹ̀léra, kí n fi fọ́tò sáàárín, kó parí. Ọkàn mi kò gbà á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí, tàbí tẹ́ ẹ mọ bí àwọn kíláàbù báyìí ṣe ń rìn, ibo ni kí n ti mú un?

Baba_Tolworth

Àbúrò mi, o káre tó o béèrè kó o tó kọ ọ́. Gbé ife sí ẹ̀gbẹ́ kan ná. Gbọ̀ngàn ni kó o kọ́kọ́ wádìí.

Ayálégbé ni kíláàbù básíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn odi nílùú òyìnbó yìí. Ilé káńsù, ilé ẹ̀kọ́ tàbí yunifásítì ló ń yá lò ní wákàtí méjì-méjì, lẹ́yìn tí àwọn tó ń gbá badminton bá ti ká àwọ̀n wọn nílẹ̀. Ọjọ́ tí onílé bá yí ohùn padà, wàhálà dé. Nítorí náà, mú ìwé kan, kọ ọ́ síbẹ̀: ibo la ti ń gbá bọ́ọ̀lù, láti ọdún wo sí ọdún wo, ta ló nilé, èló là ń san, kí ló lé wa kúrò? Tó o bá rí ìdáhùn sí ìwọ̀nyí, ìtàn náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ ara rẹ̀ tán.

Ẹ wo Kingston. Àdúgbò jẹ́jẹ́ ni, lẹ́bàá odò Thames, gbọ̀ngàn ìdárayá tó wà ní Tolworth ni wọ́n sì ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ní 1988 wọ́n kó ẹgbẹ́ náà lọ sí Glasgow, ó ń jẹ́ Glasgow Rangers fún sáà kan péré, ó gba líìgì, wọ́n tún kó o padà wá sí Kingston. Ó tún gba líìgì ní sáà mẹ́ta léraléra, láti 1989–90 dé 1991–92. Kevin Cadle ni kóòṣì, ará Amẹ́ríkà tí ọ̀pọ̀ yín padà mọ̀ lórí Sky Sports kó tó di olóògbé ní 2017. Ní sáà 1990–91 Kingston lé CSKA Moscow dànù nínú ìdíje àwọn ẹgbẹ́ tó gba líìgì nílẹ̀ Yúróòpù, wọ́n sì wọ ìpele ẹgbẹ́ mẹ́jọ: Barcelona, Maccabi Tel Aviv, Split tó padà gba ife náà, àti Kingston láti Tolworth! Títí di òní, bí mo bá rí orúkọ yẹn láàárín wọn, ẹ̀rín ló ń pa mí.

Ní 1992 wọ́n tún kó ẹrù, ó di Guildford Kings. Ní 1993 ni wọ́n ṣí Spectrum, gbọ̀ngàn ńlá tuntun Guildford. Nígbà tó fi di 1994, kíláàbù náà ti tú ká.

Ẹni tó bá to ife wọn nìkan, á rò pé ńṣe ni wọ́n ń gòkè títí ilẹ̀ fi lanu gbé wọn mì. Ẹni tó bá tọ ipasẹ̀ ilé tí wọ́n gbé àti ẹni tó ń sanwó, kò ní yà á lẹ́nu rárá.

Sọ̀rọ̀_Sókè

Hahaha, Baba ti tún gbé Kingston dé.

Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò gbà pẹ̀lú yín délẹ̀ o. Ilé kọ́ ni kíláàbù. Àwọn èèyàn ni, àti orúkọ. Ẹ wo London Lions tí gbogbo wa mọ̀ lónìí. Hemel Hempstead ni wọ́n ti bí wọn ní 1977, Lakers ni wọ́n ń jẹ́ nígbà yẹn. Wọ́n di Royals, wọ́n dé Watford, ní 1998 wọ́n di Milton Keynes Lions. Ó tó àsìkò kan tó jẹ́ inú gbọ̀ngàn ilé ìtajà ńlá láàárín ìlú Milton Keynes ni wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù, èèyàn á ra bàtà tán, á yà wò wọ́n. Ní 2012 wọ́n kó wá sí London, wọ́n sì padà jókòó sí Copper Box, ilé tí wọ́n ti gbá handball nígbà Òlíḿpíìkì. Líìgì àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà, sáà 2018–19 ni. Àwọn obìnrin wọn gba EuroCup, ìdíje kíláàbù ilẹ̀ Yúróòpù, ní 2024, kíláàbù ilẹ̀ Bìrìtìkó kankan kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Ní báyìí, ta ló ni ọdún 1977 sí 1998? Ará Hemel ni àbí ará London? Bí ẹ bá ní ilé ni ìtàn, a jẹ́ pé ìtàn Lions bẹ̀rẹ̀ ní 2012 nìyẹn.

Baba_Tolworth

Ọmọ mi, ṣé o kíyè sí ohun tó o fẹnu ara rẹ sọ? Hemel, Watford, Milton Keynes, ilé ìtajà, Copper Box. Ilé lo fi ka ìtàn náà láti òkè délẹ̀. Ìwọ lo gbè mí lẹ́yìn.

Ta ló ni 1977? Ìbéèrè gidi ni o, akọ̀wé wa gbọ́dọ̀ dáhùn rẹ̀ nípa tirẹ̀. Bí kíláàbù yín bá ti yí orúkọ padà rí, tàbí tó ti da pọ̀ mọ́ òmíràn, kọ ọ́ sójú ìwé àkọ́kọ́: “ọdún báyìí la ń kà gẹ́gẹ́ bí ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ìdí báyìí.” Má fi bò. Àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ ṣì wà láàyè, wọ́n á sì pè ọ́ lórí fóònù.

Tábìlì_Lèmi

Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ̀yìn tábìlì ni mo máa ń jókòó sí, èmi ni mò ń kọ àmì ayò sílẹ̀ tí mo tún ń ṣọ́ aago. Ọ̀rọ̀ fọ́tò tí kò lọ́dún lẹ́yìn yẹn ni mo fẹ́ dá sí, nítorí ilẹ̀ gbọ̀ngàn fúnra rẹ̀ máa ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀.

Wo ilà tó wà lábẹ́ agbọ̀n nínú fọ́tò. Bí agbègbè tí wọ́n kùn níbẹ̀ bá fẹ̀ níwájú ògiri tó sì ń tín lọ sókè, bíi yẹ̀rì tó ṣí nísàlẹ̀, ìlànà àtijọ́ ti FIBA, àjọ básíkẹ́ẹ̀tì àgbáyé, nìyẹn. Ní 2010 ni wọ́n sọ ọ́ di onígun mẹ́rin gbọọrọ irú ti Amẹ́ríkà. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n sún ilà mẹ́ta-mẹ́ta, ìyẹn ilà tí bọ́ọ̀lù tó wọlé láti ẹ̀yìn rẹ̀ ń gba àmì mẹ́ta, láti mítà 6.25 lọ sí 6.75. Bí kò bá sí ilà mẹ́ta-mẹ́ta rárá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kí 1984 tó dé ni, nítorí 1984 ni FIBA gbà á wọlé. Ẹ fi ọdún kan tàbí méjì lé e o. Káńsù kì í sáré kun ilẹ̀ nítorí pé òfin yí padà, pàápàá ilẹ̀ tí badminton, netball àti five-a-side jọ ń pín. Mo ti rí gbọ̀ngàn tí ilà àtijọ́ àti tuntun jọ wà lójú kan náà, tí àwọn rẹfirí ń fi ọwọ́ júwe èyí tí à ń lò fún àwọn àlejò.

Ìwé àmì ayò náà ń sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ ìdajì méjì ní ìṣẹ́jú 20-20 ni wọ́n pín in sí, tí fáwùlì ẹgbẹ́ sì ń kà dé 7, ayé àtijọ́ ni. Láti 2000 ni FIBA ti pín ayò sí mẹ́rin ní ìṣẹ́jú 10-10, tí àkókò láti ju bọ́ọ̀lù fi bọ́ láti ìṣẹ́jú-àáyá 30 sí 24. Bí fọ́tò bá gbé aago kékeré orí agbọ̀n tó sì ka 28, o mọ ibi tó o wà.

Nọ́ńbà ẹ̀yìn aṣọ? Nínú ìdíje àgbáyé, 4 dé 15 ni wọ́n ń wọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n líìgì abẹ́lé lè gba ohun mìíràn láàyè. Ìyẹn nìkan kò tó láti fi dájọ́.

Lákòótán, wá àwọn tó ti jókòó ní tábìlì kíláàbù yín rí. Ìwé àmì ayò máa ń ní ẹ̀dà fún ẹgbẹ́ méjèèjì, àwọn bíi tèmi kì í sì í dà á nù. Ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì níbì kan.

Akọ̀wé_Kíláàbù

Àǹtí Tábìlì, ẹ ṣeun gan-an! Mo ti lọ tú páálí wò. Mẹ́fà nínú àwọn fọ́tò náà ní ilà tó fẹ̀ nísàlẹ̀ yẹn, ọ̀kan kò sì ní ilà mẹ́ta-mẹ́ta rárá, bẹ́ẹ̀ alága ti fi bírò kọ “1991” sí ẹ̀yìn rẹ̀. Báwo ni kí n ṣe sọ fún un?

Sọ̀rọ̀_Sókè

Má sọ fún un. Jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ sọ ọ́.

Ọmọ_Akàǹtì

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìwé owó, nítorí mo mọ̀ pé kò ní dùn lẹ́nu ẹlòmíràn.

Ẹ lọ sí Companies House, ibi tí ìjọba ti ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀pọ̀ kíláàbù ló ti forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ilé iṣẹ́, kódà èyí tó ti kú lè ṣì wà níbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ àwọn adarí, ọjọ́ tí wọ́n wọlé àti ọjọ́ tí wọ́n jáde. Bí ẹ bá rí i pé adarí mẹ́ta fi ipò sílẹ̀ lóṣù kan náà, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ lóṣù yẹn. Ẹ lọ wá a nínú ìwé ìròyìn. Àwọn tó jẹ́ kíláàbù àwùjọ fún ìdárayá, tí wọ́n ń pè ní CASC, orúkọ wọn wà lọ́dọ̀ HMRC, àjọ tó ń gba owó orí, láti 2002 tí ètò náà ti bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹgbẹ́ aláàánú, ẹ wo ọ̀dọ̀ Charity Commission.

Ẹ wá orúkọ náà ní gbogbo ọ̀nà tó ti jẹ́ rí. Onígbọ̀wọ́ a máa wọ inú orúkọ. Crystal Palace tó gbókìkí láwọn ọdún 1970, ẹ ó bá a níbì kan gẹ́gẹ́ bí Sutton and Crystal Palace, níbòmíràn gẹ́gẹ́ bíi Cinzano Crystal Palace, nítorí ilé iṣẹ́ ọtí ló ń sanwó. Ẹni tó bá ń wá “Crystal Palace” nìkan á bá Crystal Palace ti bọ́ọ̀lù ẹsẹ̀ pàdé, wákàtí méjì á sì ti lọ.

Ẹ tún wo ìwé ìpàdé ìgbìmọ̀ ìdárayá ti káńsù. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí iye owó gbọ̀ngàn àti ìgbà tó lọ sókè. Ìṣòro kan wà: òfin ìjọba ìbílẹ̀ ti 1988, àti àfikún rẹ̀ ní 1989, mú un ní dandan pé kí káńsù gbé iṣẹ́ ṣíṣàkóso ilé ìdárayá jáde kí ilé iṣẹ́ aládàáni lè du ú. Láti ìgbà náà, ìwé púpọ̀ kò sí lọ́dọ̀ káńsù mọ́, ọ̀dọ̀ agbaṣẹ́ṣe ló wà, agbaṣẹ́ṣe sì ti yí padà bóyá lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Bí ẹ bá rí àlàfo ní àárín ọdún 1990, ibẹ̀ ni kí ẹ fura sí.

Baba_Tolworth

Ọ̀rọ̀ àgbà nìyẹn. Mo gbàgbé òfin yẹn pátápátá, bẹ́ẹ̀ ìgbà náà ni owó gbọ̀ngàn bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè.

Níbi tí a ti dárúkọ Crystal Palace, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un. Líìgì orílẹ̀-èdè bẹ̀rẹ̀ ní 1972. Palace ní ohun tí àwọn yòókù kò ní, ìyẹn ilé ìdárayá àpapọ̀ ńlá tí wọ́n ṣí ní 1964 nínú ọgbà ìtura níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ilé kọ́ ni ìtàn, ẹ gbọ́ o! Níbẹ̀ ni Paul Stimpson ti gbá bọ́ọ̀lù, ibẹ̀ náà ni Alton Byrd dé sí ní 1979 láti yunifásítì Columbia. Kò ga rárá fún iṣẹ́ yìí. Ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún àgbà ọ̀jẹ̀ láàárín àwọn tí kò ga ló gbà lọ́dún yẹn ní Amẹ́ríkà. Àmọ́ bó bá ti gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, ojú gbogbo gbọ̀ngàn á yí sí i.

Ìyá_Ìbejì_SE

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ ti sọ̀rọ̀ ilé, ẹ ti sọ̀rọ̀ owó. Ẹnì kankan kò tíì béèrè ẹni tó ń fọ aṣọ.

Akọ̀wé wa, àbúrò mi àtàtà, ìwé kò ní sọ fún ọ ẹni tó ń wa ọkọ̀ akérò lọ sí ìdíje ní òru tó sì padà ṣiṣẹ́ ní agogo mẹ́fà. Kò ní sọ ẹni tó ń jókòó ti tábìlì àbáwọlé tó ń gba owó ìwọlé sínú agolo bisikíìtì. Kò ní sọ ẹni tí ará Amẹ́ríkà tẹ́ ẹ gbé wá ń sùn sí yàrá ọmọ rẹ̀ fún odidi sáà. Ní kíláàbù tó wà láàárín ọ̀jẹ̀ àti ọ̀gbẹ̀rì báyìí, àwọn yẹn ni kíláàbù. Kóòṣì á lọ, òṣèré á lọ, obìnrin tó ń fọ aṣọ á wà níbẹ̀ fún 20 ọdún.

Bó o bá fẹ́ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “ẹ sọ ìtàn kíláàbù fún mi.” Wọ́n á ní àwọn kò mọ nǹkan kan. Gbé fọ́tò lé wọn lọ́wọ́. Bi wọ́n pé: ta ló ń ṣí ilẹ̀kùn? Kí lẹ máa ń jẹ lọ́nà bí ẹ bá ń bọ̀ láti àríwá? Ìgbà wo ni inú bí yín tó bẹ́ẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ fi sílẹ̀? Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ló máa ń ṣí àpò. Tan fóònù sílẹ̀ kó máa gba ohùn, ṣùgbọ́n gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn ná, kó o sì gbà á kí ohùn àṣẹ náà wà níbẹ̀. Má bá wọn kún ọ̀rọ̀. Àwọn àgbà máa ń dákẹ́ kí wọ́n tó sọ ohun tó ṣe pàtàkì. Bó o bá já lu ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ó ti bọ́.

Kọ ti àwọn ọmọ tó gba ọwọ́ yín kọjá náà, kódà bí wọn kò gba ife. Ẹ rántí Michael Olowokandi, ọmọ wa tí wọ́n bí ní Lagos ní 1975, tó dàgbà sí London. Brunel ló ti ń kẹ́kọ̀ọ́, lọ́hùn-ún ní Uxbridge, ẹ̀yìn odi pátápátá. Òun fúnra rẹ̀ ló pe yunifásítì Pacific ní Amẹ́ríkà lórí fóònù láti béèrè ààyè. Ní 1998, òun ni wọ́n kọ́kọ́ mú nínú gbogbo ọ̀dọ́ tó fẹ́ wọ NBA. Bí ẹnì kan ní Brunel bá ní fọ́tò rẹ̀ nígbà yẹn, ṣé ẹ mọ̀ bó ṣe máa níye lórí tó?

Ará_Coldharbour

Àǹtí, ẹ ti gba ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu mi. Èmi àti àwọn ọmọ mi, Brixton ni. Brixton kì í ṣe ẹ̀yìn odi, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀. Jimmy Rogers dá Brixton Topcats sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, nígbà tí iná rògbòdìyàn 1981 kò tíì tutù. Brixton Rec, gbọ̀ngàn ìdárayá tí wọ́n ṣí ní 1985, ni wọ́n fi ṣe ilé. Luol Deng, ọmọ South Sudan, gba ibẹ̀ kọjá kó tó lọ Amẹ́ríkà. Chicago Bulls ló gbà á ní 2004, wọ́n sì yàn án lẹ́ẹ̀mejì sí All-Star, ìdíje àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ NBA. Rogers kú ní 2018.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ wíwó Brixton Rec wáyé, àwọn ará àdúgbò kò gbà, wọ́n jà fún un, ní 2016 ìjọba fi í sínú àwọn ilé tí òfin ń dáàbò bò. Ohun tí mo fẹ́ kí akọ̀wé wa rí ni pé ẹ̀rí tí àwọn èèyàn ti kó jọ nípa ìlò ilé bẹ́ẹ̀ wúlò ju àjọ̀dún lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ wó gbọ̀ngàn yín, ìwé tó ò ń kọ yìí lẹ máa gbé lọ síwájú káńsù.

Ará_Rowe_Park

Láti Yaba ni mo ti ń kí yín o, ẹ̀yin ará òkè òkun. Ẹ̀ ń ṣàròyé gbọ̀ngàn, ìta gbangba la ti ń gbá tiwa ní Rowe Park, bí òjò bá dé, ayò parí.

Ìmọ̀ràn tèmi: má fo ọdún tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Níbí, ìjà láàárín àwọn tó ń du ipò olórí NBBF, àjọ básíkẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà, ti dá líìgì àwọn ọkùnrin dúró rí. Ní May 2022 ìjọba tiẹ̀ kéde pé Nàìjíríà kò ní kópa nínú básíkẹ́ẹ̀tì àgbáyé fún ọdún méjì, kí wọ́n tó yí i padà ní June. Bó o bá ń kọ ìtàn kíláàbù kan ní Lagos tó o fo àwọn ọdún yẹn, irọ́ lo pa. Ibẹ̀ la ti mọ ẹni tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù lóòótọ́: ta ló ń kọ́ àwọn ọmọ nígbà tí kò sí ife tí wọ́n ń dù? Ẹ̀yin náà ní 2020. Gbọ̀ngàn tì, líìgì dúró. Kí ni kíláàbù yín ṣe?

Akọ̀wé_Kíláàbù

Ẹ̀gbọ́n Rowe Park, ìbéèrè yẹn wọ̀ mí lára. Àwọn òbí kan ló ń kó àwọn ọmọ jọ sórí Zoom kí wọ́n lè máa ta bọ́ọ̀lù nínú ilé, àwọn aládùúgbò ìsàlẹ̀ sì fẹ̀sùn kàn wá. Mi ò rò ó rí pé ìtàn nìyẹn.

Ohun kan ń já mi láyà. Nínú àwọn lẹ́tà tí mo rí, ọ̀kan wà tó sọ iye tí a ń fún òṣèré kan lábẹ́lẹ̀, ní àkókò tí wọ́n ń pè wá ní kíláàbù tí kì í sanwó. Òṣèré náà ṣì wà láàyè. Ṣé kí n kọ ọ́?

Ọmọ_Akàǹtì

Kọ pé kíláàbù ń sanwó fún àwọn kan láti ọdún báyìí. Ìyẹn ṣe pàtàkì, òun ló sọ yín di ohun tẹ́ ẹ jẹ́ lónìí. Yọ orúkọ àti iye kúrò.

Sọ̀rọ̀_Sókè

Mo lòdì sí i. Bí ẹ bá yọ gbogbo ohun tó gbóná kúrò, èwo ló kù? Ìwé ìkíni ni ẹ ó tẹ̀ jáde. Ẹ pe òṣèré náà, ẹ bi í. Ó ṣeé ṣe kó ti máa fi rẹ́rìn-ín lọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_SE

Fún ìgbà àkọ́kọ́, Sọ̀rọ̀_Sókè sọ òtítọ́. Pè é. Bó bá ní rárá, rárá ni. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, jẹ́ kó sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀, kó o kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Ti fọ́tò àwọn ọmọdé ni kó o ṣọ́ra fún jù. Àwọn tó jẹ́ ọmọ ọdún 12 nígbà náà ti di àgbà báyìí, ọwọ́ wọn ni kó o ti gbàṣẹ. Fún àwọn tó ṣì kéré, òbí wọn ni. Àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù tó wà nínú ìwé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ àtijọ́, má tẹ ẹyọ kan jáde níbẹ̀.

Tábìlì_Lèmi

Ó ku ti ìwé ìròyìn. Yàrá ìtàn àdúgbò wà ní ọ̀pọ̀ káńsù, wọ́n sì sábà máa ń ní ìwé ìròyìn àdúgbò látayébáyé lórí fíìmù kékeré. Agbègbè Kingston, fún àpẹẹrẹ, ní Surrey Comet tó ti wà láti 1854. British Newspaper Archive wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì náà, owó ni wọ́n ń gbà, ṣùgbọ́n béèrè lọ́wọ́ ilé ìkàwé yín bóyá wọ́n ti sanwó rẹ̀, kó o lè kà á níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Fi sọ́kàn pé akọ̀wé kíláàbù fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń kọ ìròyìn básíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí àwọn ìwé ìròyìn yẹn. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá borí, ìròyìn á gùn bí ọ̀nà Ìbàdàn. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi 40 lù wọ́n, kò sí ìròyìn. Nítorí náà fi ìwé àmì ayò yẹ ìwé ìròyìn wò, kó o sì ka tábìlì líìgì tó wà nísàlẹ̀ ojú ewé, òun kì í purọ́.

Kí o tó kọ ohunkóhun, ya àwòrán gbogbo ohun tó wà nínú páálí sórí kọ̀ǹpútà, iwájú àti ẹ̀yìn, kódà ẹ̀yìn tí alága kọ “1991” sí. Fi ẹ̀dà kan fún yàrá ìtàn àdúgbò yẹn. Kásẹ́ẹ̀tì VHS ni kó o kọ́kọ́ gbé jáde bó o bá rí i, nítorí ó ń bàjẹ́ lójoojúmọ́. Àwọn fọ́tò tí o kò bá mọ ẹnikẹ́ni nínú wọn, tẹ̀ wọ́n tóbi, lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ní ọjọ́ ìdíje ilé, kí o so bírò mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. So ó dáadáa o, àwọn ọmọ máa ń jí bírò.